Eré Ìdárayá ní Ìlú Tó Jóná: Ohun Tí A Rí ní Hiroshima

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá àti ìtàn ẹ̀yìn ogun, kí n sì mú un láti inú ìrìn-àjò tí èmi àti àwọn oníròyìn ẹlẹgbẹ́ mi rìn lọ sí ilẹ̀ Jàpáànù. A dé Tokyo, a dé Osaka, ṣùgbọ́n Hiroshima ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀. Nínú àṣà wa, a mọ òkú àgbà yàtọ̀ sí òkú ọ̀fọ̀. Bí àgbà bá kú, a ó pa màlúù, a ó pe onílù, ọmọ olóògbé yóò jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ilé á pa rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù níbẹ̀. Ìlú tí òkú ọ̀fọ̀ kún inú rẹ̀ láti ìgboro dé ìgboro ńkọ́? Ìgbà wo ni àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ yóò tó lè gbá bọ́ọ̀lù? Ìgbà wo ni àwọn ìyá wọn yóò tó lè hó ìhó ayọ̀ láìbẹ̀rù pé àwọn ń fi ẹsẹ̀ tẹ òkú mọ́lẹ̀?

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945, ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òwúrọ̀, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan ju àdó olóró átọ́míìkì sí ìlú náà. Ó bú ní nǹkan bí 600 mítà sókè orí ilé. Kí ọdún náà tó parí, nǹkan bí 140,000 ènìyàn ti kú. Nǹkan bí 6,000 lára wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà láti wó ilé onígi, kí iná ogun má baà ràn láti òpópónà kan dé èkejì. Ìta gbangba ni wọ́n wà nígbà tí àdó náà bú.

Ọ̀tọ̀ ni ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀. Hiroshima kì í ṣe ìlú tó jókòó jẹ́jẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìlú ológun ni. Èbúté Ujina tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Jàpáànù ti wọkọ̀ lọ jagun lókè òkun. Àwọn ará Kòríà pọ̀ nínú ìlú náà nígbà tí àdó já, nítorí Jàpáànù ló ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú pẹ̀lú àwọn yòókù. Òkúta ìrántí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ará Kòríà náà lọ́dún 1970 wà lẹ́yìn òde ọgbà ìrántí ńlá tí ìlú náà yà sọ́tọ̀ fún àwọn òkú àdó. Ọdún 1999 ni wọ́n tó gbé e wọlé. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìrántí rọrùn fún àwọn ará ibẹ̀. Àwọn náà jiyàn lórí òkú tí wọ́n lè kà mọ́ òkú tiwọn.

Ogun yẹn kò jìnnà sí wa pẹ̀lú. Ogun Hítílà ni àwọn àgbà wa ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó lọ sójú ogun kò fojú kan ọmọ ogun Hítílà kankan. Jàpáànù ni wọ́n bá jà, nínú igbó Bọ́má. Ọmọ Náíjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun, ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì fi í sí. Lóṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù yọ sí wọn lójijì létí odò Kaladan. Ọta ìbọn bà á, kò lè rìn mọ́. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ládùúgbò náà, Shuyiman, fi òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Sierra Leone pamọ́, ó ń bọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ogun fi tún padà gba ibẹ̀ kọjá. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ó sì dàgbà dàrúgbó kí ó tó kú lọ́dún 2012. Ẹ̀yin tó wà níbí, mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kí n tó dárúkọ rẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ rìn, ẹ̀gbọ́n wa tí bàbá tirẹ̀ náà lọ sí Bọ́má, kò bá wa wọ músíọ̀mù Hiroshima lójú ẹsẹ̀. Ó dúró síta, ó ní òun kò mọ irú ojú tí òun yóò fi wo ibẹ̀. A kò fi ipá mú un. Nígbà tí ó wọlé níkẹyìn, iwájú abọ́ oúnjẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ló dúró sí. Oúnjẹ inú abọ́ náà ti di èédú; ìyá ọmọ náà ló dì í fún un láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde lọ wó ilé. Ẹ̀gbọ́n wa pẹ́ níwájú rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ohun tó sọ nígbà tó jáde ni pé bàbá òun kò bá ọmọ yìí jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ eré, torí òun gan-an ló gbé wa lọ.

Béèsìbọ́ọ̀lù ni eré tí Jàpáànù fẹ́ràn jù lọ. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹnìkejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Horace Wilson, ló fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1872. Nígbà tí ogun le, wọ́n lé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú eré náà nítorí pé èdè ọ̀tá ni. Eré ọ̀tá náà ni Hiroshima tún gbé jáde lẹ́yìn tí ọ̀tá ti sun ún run. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn, ó sì mú kí n bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọn kò wo ẹni tó mú eré náà wá. Ìran mẹ́ta ti gbá a, ó ti di tiwọn.

Ṣùgbọ́n kí eré tó padà, ọkọ̀ ló kọ́kọ́ padà: ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn àdó náà ni ọkọ̀ ojú irin ìgboro tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní apá kan ìlú. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ló ń wà á nígbà ogun, torí àwọn ọkùnrin ti lọ. A wọ ọkọ̀ ìgboro yẹn káàkiri. Méjì nínú àwọn ọkọ̀ tí àdó náà bà, nọ́ḿbà 651 àti 652, ṣì wà lójú irin títí di òní.

Ní ìparí ọdún 1949, ọdún kan náà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jàpáànù ṣe òfin tó sọ Hiroshima di ìlú ìrántí àlàáfíà, àwọn ará ìlú dá ikọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Carp, orúkọ ẹja kan tó pọ̀ nínú odò Ota tó la ìlú náà kọjá. Àwọn ikọ̀ tí wọ́n jọ wà nínú líìgì ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, bí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tàbí ti ọkọ̀ ojú irin. Carp kò ní irú baba bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1950 tó kọ́kọ́ gbá líìgì, ìdí tábìlì ló wà. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù kò jáde déédéé mọ́, àwọn alákòóso sì ti ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ikọ̀ mìíràn tàbí kí wọ́n tú u ká.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Shuichi Ishimoto, ọmọ bíbí ìlú náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń bẹ àwọn ènìyàn, ó ń dá ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn sílẹ̀. Wọ́n gbé àgbá ọtí síwájú pápá, àgbá onígi tí wọ́n fi ń rọ ọtí sake. Ẹni tó bá ń wọlé wòran yóò ju owó sínú àgbá. Ọmọdé ju kọ́bọ̀, àgbà ju èyí tó ní. Ó dà bí àjọ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó. Owó yẹn ni wọ́n fi gbé ikọ̀ náà ró.

Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn àdó nìyẹn. Àwọn kan ṣì ń gbé inú ahéré pákó. Àwọn kan ń tọ́jú ẹni tí àìsàn àdó ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1955, ọmọbìnrin kan, Sadako Sasaki, tó ti jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí àdó bú, kú nípa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ayé mọ̀ ọ́n nítorí àwọn ẹyẹ tó ń fi bébà ká lórí ibùsùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé eléré sísá ni. Ó máa ń sáré ìfọ̀págbà fún kíláàsì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá kí àìsàn tó gbé e dè. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìkówójọ fún ère ìrántí àwọn ọmọdé tó wà nínú ọgbà ìrántí náà láti ọdún 1958. Ẹ wò bí ìlú yìí ti ń ṣe nǹkan: àwọn ọmọ tó jọ ń sáré ló kówó jọ fún èyí tí kò lè sáré mọ́.

Lọ́dún 1957, pápá tuntun ṣí fún Carp pẹ̀lú iná tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́. Òdìkejì títì sí ilé alákèté tí àdó bà jẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń rí nínú àwòrán, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Mo dúró láàárín ibi méjèèjì. Pápá àtijọ́ náà ti di ọgbà ìgbafẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan ìjókòó òǹwòran rẹ̀ sílẹ̀ kí ènìyàn lè mọ ibi tó wà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹni tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù ń gba ẹ̀gbẹ́ ahoro yẹn kọjá. Arábìnrin ayàwòrán tó wà lára wa sọ pé òun rò pé wọn ì bá jìnnà síbẹ̀. Èmi rò pé bí wọ́n bá jìnnà, ìrántí ì bá di ohun tí àlejò nìkan ń lọ wò.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń fìdí rẹmi, Carp gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 1975, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dé fìlà pupa. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù yí ìlú ká, èrò dúró lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lójú títì Àlàáfíà. Àwọn kan gbé àwòrán òkú wọn dání, kí àwọn náà lè rí i. Ẹ̀yin ará mi, àwòrán òkú ọ̀fọ̀ ni wọ́n gbé jáde sójú ayọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ lẹ́yìn náà pé àwọn èrò kò kí wọn kú oríire. Ẹ ṣeun ni wọ́n ń sọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn díẹ̀ sí ìbéèrè mi.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ikọ̀ 1975 náà ni Sachio Kinugasa. Ọdún 1947 ni wọ́n bí i ní Kyoto. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Jàpáànù, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó wá pẹ̀lú àwọn tó gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn ogun. Ẹ̀yin náà lè fojú inú wo bí ìgbà èwe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti rí. Láti ọdún 1970 dé 1987, kò pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan jẹ: 2,215 léraléra. Lọ́dún 1979 bọ́ọ̀lù bà á ní èjìká, egungun rẹ̀ sì fọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún jáde wá gbá. Nígbà tó máa fẹ̀yìn tì, orílẹ̀-èdè tó ti wo bàbá rẹ̀ bí aṣẹ́gun tó wá gba ilẹ̀ wọn ti fún un ní oyè ìdálọ́lá tó ga jù lọ tí olórí ìjọba ń fún gbajúmọ̀. Kò sẹ́ni tó tún wọ nọ́ḿbà 3 tó wọ̀ mọ́ nínú Carp. Ó kú lọ́dún 2018. Mo bèèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní pápá; ògbufọ̀ wa kò tíì parí ìbéèrè náà tí bàbá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣàpèjúwe bí Kinugasa ti ń fi agbára ju igi.

Pápá tuntun tí wọ́n ń lò láti ọdún 2009 wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá. Ènìyàn lè rí ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tó ń kọjá láti orí ìjókòó rẹ̀. Pupa ni gbogbo ibẹ̀: fìlà pupa, ẹ̀wù pupa, ìyá àgbà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ kan náà. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin pọn àgbá bíà sẹ́yìn, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn wọ́n ń sọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. A jẹ údọ́ńnù, oúnjẹ tó dà bí nudu tó nípọn, tí wọ́n ti ń tà fún òǹwòran Carp láti pápá àtijọ́. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀. Bí ó bá ti jáde wá gbá, trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì á gbé e, gbogbo pápá á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, apá kan á dìde bí èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé nígbà tó bá kan ikọ̀ àlejò láti gbá, àwọn onílé á dákẹ́, àwọn àlejò á kọ orin tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò fi ariwo bo ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Èmi tí mo ti ń jókòó sí pápá láti ìgbà èwe mi kò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣé a kò ní irú ìfẹ́ yìí nílé ni? A ní in. Lọ́dún 1976 tí Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife ní Áfíríkà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Náíjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ìlú náà kò sùn. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ náà títí di òní, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa. A ń kọrin fún un, a kò ju kọ́bọ̀ sínú àgbá rẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ìtàn rẹ̀ fi tètè ń kúrò lọ́wọ́ wa.

Mo ṣèlérí pé Hiroshima ni mo máa dúró lé, ṣùgbọ́n Tokyo ní ohun kan tó jẹ́ tiwa. Lọ́dún 1964, nígbà tí Jàpáànù gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ló gun àtẹ̀gùn lọ tan iná ńlá náà. Yoshinori Sakai ni orúkọ rẹ̀. Miyoshi, ní ìpínlẹ̀ Hiroshima, ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ gan-an tí àdó bú. Nígbà tó dàgbà, oníròyìn ló dà, ẹlẹgbẹ́ wa. Ìdíje yẹn náà ni ọmọ Èkó kan, Nojeem Maiyegun, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ọlọ́jà, ti gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Náíjíríà gbà láyé. Ogún ọdún ṣáájú, ní 1944, àwọn ọmọ wa ń yìnbọn fún àwọn ọmọ Jàpáànù létí odò Kaladan. Ní 1964, ọmọ wa dúró lórí pèpéle ní Tokyo, àwọn ará Jàpáànù ń pàtẹ́wọ́ fún un, iná tí ọmọ Hiroshima tàn sì ń jó. Kò sí ìwé àdéhùn àlàáfíà kankan tó lè fi èyí hàn mí kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku àríyànjiyàn kan tí a jà lé lórí láàárín ara wa nínú ọkọ̀ ojú irin títí a fi dé Osaka. Lẹ́yìn ọdún 1958, Carp kò gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, torí ìlú ló ni pápá, ọjọ́ ìrántí sì ni. Lọ́dún 2011 wọ́n yí i padà, wọ́n gbá a. Lọ́dún 2015, nígbà tó pé 70 ọdún, gbogbo agbábọ́ọ̀lù Carp wọ nọ́ḿbà kan náà jáde lọ́jọ́ yẹn: 86, oṣù kẹjọ, ọjọ́ kẹfà. Ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ọmọ ogun Bọ́má, ní kò yẹ. Ó ní ojú òkú ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi eré, ó sì ní àwọn àgbà tó fòfin dè é nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí ojú wọn ni ó ṣe. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé àwọn tó lè fi ara wọn jẹ́rìí sí àárọ̀ yẹn ń dín kù lọ́dọọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, àwọn tó bá fẹ́ rántí ló ń wá sí ọgbà ìrántí. Lálẹ́ eré bíi ti 2015, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé tó wá nítorí bọ́ọ̀lù ló ń wọ pápá, wọ́n á sì bi àwọn òbí wọn léèrè ìdí tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù fi wọ nọ́ḿbà kan ṣoṣo. Èmi fara mọ́ eré náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí ogun Bìáfárà parí lọ́dún 1970, ni Náíjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń ṣe ìdíje ilé sí ilé. Ẹ̀ ń fi àwọ̀ pín àwọn ọmọ sí ilé, ẹ sì ń fi orúkọ àwọn gbajúmọ̀ sọ àwọn ilé náà. Ẹ wádìí àwọn tó lọ sí Bọ́má láti ìlú yín. Àwọn ẹbí wọn ṣì wà, àwọn kan ṣì ní fọ́tò àti ìwé iṣẹ́ wọn. Ẹ fi orúkọ ọ̀kan nínú wọn sọ ilé kan. Níbi tí kò bá sí, ẹ sọ ọ́ ní Ilé Fadoyebo, kí ẹ sì sọ èkejì ní Ilé Maiyegun. Kí ẹ tó yin ìbọn eré sísá àkọ́kọ́, kí ọmọ kan láti ilé kọ̀ọ̀kan bọ́ síwájú, kí ó sọ ẹni tí orúkọ náà jẹ́ fún àwọn òbí tó wá wòran. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sáré.